Kí Wúrà Tó Dé Ìtamaga

Lọ́dún tó kọjá, ìyá mi di yẹtí ìyá tó bí i sínú àkísà gèlè kan, ó ní kí n gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ góòlù ní Ìtamaga, kí wọ́n yọ́ ọ, kí wọ́n sì fi rọ ẹ̀gbà ọwọ́ fún ọmọ tí àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ẹni tó bá mọ Ìkòròdú mọ Ìtamaga. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń gba ọ̀nà Ìtòìkín, tí àwọn kan á forí lé Ẹ̀pẹ́, tí àwọn mìíràn á kọrí sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá yìí kò ju ibi tí èèyàn mẹ́ta lè jókòó sí: tábìlì kan tí èédú ti sọ di dúdú, òṣùwọ̀n kékeré inú gíláàsì, ẹ̀mú oríṣiríṣi, irin oníhò tí wọ́n fi ń fa wáyà, àti ọmọṣẹ́ kan tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ òrùka.

Òdòdó méjì ló wà lára yẹtí náà. Wáyà tín-ín-rín, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí irun, ni ẹni tó rọ ọ́ fi lọ́ ewé òdòdó kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n ní, "Iṣẹ́ àwọn àgbà nìyí. Bí a bá ní ká ṣe irú rẹ̀ lónìí, ta ló máa san owó iṣẹ́?" Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bi mí bóyá Màmá ní kí n yọ́ ọ lóòótọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e sínú àwo alámọ̀ kékeré, wọ́n wọ́n bọ́ráàsì lé e, wọ́n sì kọ iná gáàsì sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́ta kò pé tí òdòdó méjèèjì fi di hóró kan ṣoṣo, kò ju hóró ẹ̀wà lọ, tó ń yí kiri nínú àwo bí omi lórí ewé kókò, tó ń tàn yòò.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ ìtàn agbègbè yìí lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìdí tí ìtàn wúrà fi ṣòro tọ̀ ju ìtàn idẹ lọ. Idẹ àtijọ́ wà láàfin, ó wà nílédì Òṣùgbó, ó wà nílé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé nílẹ̀ yìí àti ní London. Kò sẹ́ni tó ń ta idẹ ìyá ìyá rẹ̀ san owó ilé-ìwé. Wúrà ní tirẹ̀, ìran kọ̀ọ̀kan ló ń yọ́ ti ìran tó ṣáájú.

Nítorí náà, bí a bá ní ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó dájú, idẹ la máa kọ́kọ́ bá. Duarte Pacheco Pereira, atukọ̀ ọmọ Potogí tó kọ ìwé rẹ̀ láàárín 1505 sí 1508, dárúkọ ìlú ńlá kan tó pè ní Geebu, tí yàrà jíjìn yí ká. Ìjẹ̀bú ni. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé yàrà yẹn ni Eredo Súngbọ́, tó gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà, tó sì gba ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ kọjá títí dòní. Pereira ní ẹrú ni wọ́n ń tà fún àwọn níbẹ̀, pẹ̀lú eyín erin díẹ̀, àti pé ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń gbà lórí ẹrú kan. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀gbà ọwọ́ méjìlá, ọmọ èèyàn kan. Àwọn Potogí yìí kan náà ti kọ́ ilé olódi sí Elmina, ní ilẹ̀ Gánà òde òní, ní 1482, níbi tí wúrà àwọn Akan ti ń jáde sétí òkun. Wọ́n ń ra èèyàn ní etíkun tiwa àti ní Bìní, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn lọ sí Elmina, wọ́n sì ń fi wọ́n gba wúrà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ibẹ̀ tó ń wá aláàárù àti òṣìṣẹ́. Bí ẹnì kan bá bi mí ní ìgbà tí ọ̀rọ̀ wúrà kọ́kọ́ kan àwọn èèyàn wa, ibẹ̀ ni mo máa nawọ́ sí, kì í ṣe ọrùn olówó kankan.

Ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, wúrà kò tíì di ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n ọlá lẹ́bàá ọ̀sà. Ní 28 September 1854, Kòsọ́kọ́, ọba tí wọ́n lé kúrò ní Èkó, tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú Benjamin Campbell, kọ́ńsùlù àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí wọ́n ṣèlérí fún un lọ́dọọdún ni ẹgbàá owó ẹyọ lọ́nà 2,000, tàbí 1,000 dọ́là. Fàdákà ni dọ́là ìgbà náà. Ọba tó sọ ìtẹ́ nù, tí wọ́n ń fi owó tù lójú, kò sẹ́ni tó mẹ́nu kan wúrà fún un.

Ẹnì kan lè sọ pé bóyá àwọn baba wa kò mọ iṣẹ́ ni. Rárá o. Ìbòjú tí wọ́n ń pè ní ti Ọbalùfọ̀n ní Ilé-Ifẹ̀, bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àdàlù ni wọ́n fi dà á. Bàbà kì í yọ́ àfi tí iná bá gbóná dé 1,085 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Wúrà ń yọ́ ní 1,064. Èyí já sí pé iná tí Ifẹ̀ ń dá ju èyí tí wúrà ń fẹ́ lọ. Wọ́n mọ bí a ṣe ń fi ìda oyin mọ ère, tí a ń fi amọ̀ bò ó, tí a ń yọ́ ìda jáde, tí a sì ń da bàbà tó ti yọ́ sí àyè tó fi sílẹ̀. Ọwọ́ wà, iná wà, ẹ̀wìrì wà.

Ìlẹ̀kẹ̀ ló gba ọkàn wọn. Ní Igbó Olókun ní Ifẹ̀, awalẹ̀pìtàn Abidemi Babalola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ hú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000 jáde, wọ́n sì bá àfọ́kù ìkòkò ìyọ́gíláàsì pẹ̀lú wọn. Àyẹ̀wò wọn fi hàn pé Ifẹ̀ ló ń po gíláàsì tirẹ̀ látinú yanrìn àti òkúta ilẹ̀ wa, ní ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀. Níbẹ̀ ni a ti ń rántí sẹ̀gi, aláwọ̀ aró, tí èèyàn lè fi sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Iyùn náà ńkọ́? Adé tí kò ní ìlẹ̀kẹ̀, Yorùbá kì í pè é ládé. Kò sì sẹ́ni tó ń bi ọba bóyá ó ní wúrà.

Ohun tó wá ń yà mí lẹ́nu ni pé wúrà wà nínú ilẹ̀ wa ní gbogbo àkókò yìí. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní ìhà Ìpẹ̀rìndó àti Ìtàgúnmodi, wúrà wà nínú òkúta rẹ̀ àti nínú yanrìn odò rẹ̀. Láti 1913 ni wọ́n ti ń wa wúrà ní Nàìjíríà lábẹ́ ìjọba amúnisìn. Láàárín 1933 sí 1943 ni èyí tí wọ́n wà pọ̀ jù, nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan àti àbọ̀ dín díẹ̀, kí ogun Hitler tó mú kí àwọn òyìnbó awakùsà pa ilé-iṣẹ́ wọn tì. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọdún 2021 ni ibi ìwakùsà wúrà ńlá ìgbàlódé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wúrà, nítòsí Iléṣà níbẹ̀. Orúkọ wo ni wọ́n sọ ọ́? Segilola. Ihò tí wọ́n ti ń wa wúrà, orúkọ ìlẹ̀kẹ̀ ló ń jẹ́. Bí mo bá ka orúkọ yẹn nínú ìwé ìròyìn, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé àwọn àgbà ń dáhùn láti abẹ́ ilẹ̀.

Báwo wá ni wúrà ṣe dé ọrùn àwọn ìyá wa? Ọ̀nà tó gbà wọlé pọ̀, ọ̀nà ẹsẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, kì í ṣe títì. Nígbà tí Èkó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1861, owó wúrà wọn tí wọ́n ń pè ní sovereign bá wọn wọlé. Kárátì 22 ni, ìwọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 8, orí ọba wọn sì wà lára rẹ̀ bí ẹ̀rí. Alágbẹ̀dẹ tó bá rí ọ̀kan mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láìṣẹ̀ṣẹ̀ dán an wò. Àwọn Àgùdà tó ti Bahia ní Brazil padà sí Èkó náà ti rí ohun tí wúrà lè jẹ́ lára obìnrin dúdú: lọ́hùn-ún, àwọn ìyá tó ti ra ara wọn kúrò lóko ẹrú, tí àwọn Nàgó, ìyẹn àwọn Yorùbá ibẹ̀, wà lára wọn, máa ń to ẹ̀gbà wúrà oníhò-inú láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnwọ́, kí gbogbo ayé lè rí i pé ẹrú ti tán.

Gánà tún wà níbẹ̀. Àwọn ará Ogbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Èjìgbò àti ọ̀pọ̀ ìlú wa ti ń ná Kumasi àti Àkírà fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì ń bá àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà Asante dòwò pọ̀. Ní November 1969, ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ta ló lè gbé ilé tàbí ọjà kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì? Ohun tó ṣeé dì mọ́ra lábẹ́ ìró lèèyàn lè gbé. Obìnrin tó ti ra ẹ̀gbà ọrùn nílẹ̀ yẹn dé ilé pẹ̀lú nǹkan kan. Èyí tó fi gbogbo owó rẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù dé pẹ̀lú ẹkún.

Ṣùgbọ́n ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, níbi tí Ìsìláàmù ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa, ọ̀nà tó tóbi jù ni ọ̀nà Mẹ́kà. Ìgbà tí owó epo ń ṣàn ní Nàìjíríà, lẹ́yìn àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní Údójì, ti ọdún 1974 sí 1975, ọkọ̀ òfuurufú àwọn alálàájì kì í sófo. Àwọn ìyá wa lọ, wọ́n padà di Alájà, wọ́n rẹ́rìn-ín, eyín góòlù sì tàn lẹ́nu wọn. Àwọn ọmọdé ìsinsìnyí kò mọ ohun tí eyín yẹn ń sọ. Kì í ṣe fáàrí lásán. Ẹni tó ní in kò ní kó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọ pé òun ti dé Ilé Olúwa, kò sì sí ẹni tó lè jí i. Wúrà sì yẹ ẹnu gan-an: itọ́ kì í jẹ ẹ́, ọsàn kíkan kì í bà á jẹ́, kì í dípẹtà. Àwọn Alájà wọ̀nyí ló kó góòlù Sáúdí wálé nínú báàgì, wọ́n ń tà á káàkiri àdúgbò, owó díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àkókò kan náà ni léèsì tó ń ti Austria wá gbòde, góòlù sì di ìkejì rẹ̀. Ẹni tó bá wọ léèsì láìsí ṣéènì, ojú ni wọ́n fi ń bá a wí.

Ti ọkùnrin yàtọ̀. Ẹ̀sìn kò gba wúrà fún ọkùnrin, fàdákà ni àwọn Alálàájì àtàtà ń fi ṣe òrùka. Ní ti sàká, nínú mọ́sálásí ni mo ti kọ́ ọ pé wúrà tó bá tó gíráàmù 85, tó sì lo ọdún kan lọ́wọ́ èèyàn, ìdá méjì àti àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ni a máa yọ. Ṣùgbọ́n nínú mádìhábì Màlíkì tí a ń tẹ̀lé, èyí tí obìnrin ń fi ṣe ọ̀ṣọ́ kò sí lára rẹ̀. Mo mọ àwọn ìyá tó máa ń ya góòlù wọn sọ́tọ̀ ọ̀nà méjì nítorí èyí: ti ara àti ti àpótí.

Ti àpótí yẹn ni báńkì wọn. Obìnrin tí báńkì kò lè yá lówó nítorí kò ní ìwé ilẹ̀, ẹ̀gbà ọwọ́ méjì ló fi ń dúró de ọjọ́ tí ọkọ bá dùbúlẹ̀ àìsàn tàbí tí ọmọ bá wọ yunifásítì. Títí di 1971, ìjọba Amẹ́ríkà ń san wúrà fún báńkì àwọn ìjọba yòókù ní 35 dọ́là lórí áúńsì kan. Ní October 2025, ó kọjá 4,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Náírà ní tirẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ìyá àgbà tó ra góòlù kò kàwé ọrọ̀ ajé, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí tábìlì ọ̀gá mi ní Ìtamaga, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù.

Wúrà pọ́ńbélé, kárátì 24, rọ̀ jù. Gíráàmù kan péré, a lè lù ú títí á fi fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà kan níbùú lóròó, a sì lè fà á ní wáyà tó ju kìlómítà méjì lọ. Òrùka tí a bá fi irú rẹ̀ ṣe, ó máa tẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a bá fọ aṣọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń po bàbà àti fàdákà mọ́ ọn. Kárátì 22 ní ìdá 91.6 wúrà nínú ọgọ́rùn-ún, 18 ní 75, 14 ní 58.5, 9 ní 37.5. Nọ́ńbà tí ẹ máa rí lára ẹ̀gbà yín, 916, 750, 585, 375, ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn. Bí bàbà bá pọ̀ nínú àdàlù, wúrà á pọ́n. Bí fàdákà bá pọ̀, á ṣàwọ̀ funfun díẹ̀.

Ní ti àwọ̀ yẹlò fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyanu ni. Pírótọ́ọ̀nù 79 ló wà nínú ọkàn átọ́ọ̀mù wúrà, agbára tí wọ́n fi ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù pọ̀ débi pé àwọn tó sún mọ́ inú jù ń sáré ju ìlàjì eré ìmọ́lẹ̀ lọ. Eré yẹn ló yí bí wúrà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ padà: ó ń gbé àwọ̀ aró mì, ó ń dá yẹlò padà sójú wa. Fífà líle yẹn náà wà lára ohun tí kì í jẹ́ kó dípẹtà, nítorí kì í fẹ́ yọ̀ǹda ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Bàbà kò ní irú ìkóra-ẹni-níjàánu bẹ́ẹ̀. Bí ọrùn yín bá di àwọ̀ ewé lẹ́yìn òde ọjọ́ kan, bàbà ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí hóró wúrà náà tutù, ọ̀gá gbé e lé irin, wọ́n fi owú kékeré lù ú. Bí wọ́n ṣe ń lù ú ló ń le. Nígbà tó le tó pé ó lè ya, wọ́n dá a padà síná títí ó fi pọ́n, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. "Kí n tó lè rọ ọ́," wọ́n ní, "ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rọ̀." Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo kà kí wáyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú irin oníhò kọjá, láti ihò ńlá dé ihò kékeré. Ibi tí wọ́n bá fẹ́ jó pọ̀, ẹ̀là wúrà tó tètè ń yọ́ ju ara ẹ̀gbà lọ ni wọ́n ń fi sí i. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ á jọ yọ́ ni. Bọ́ráàsì tí wọ́n ń wọ́n sí i ń yọ́ bí gíláàsì, ó ń bo ojú iṣẹ́ kí afẹ́fẹ́ má baà dé ibi tí bàbà wà, nítorí ibi tí bàbà bá ti dúdú, kò ní lẹ̀. Òwe tí a ń pa pé wúrà tó máa dán á la iná kọjá, ọ̀rọ̀ sùúrù ni mo kà á sí láti kékeré. Lọ́jọ́ yẹn ni mo rí i pé ẹni tó kọ́kọ́ pa á ti jókòó sídìí iná rí.

Góòlù ayédèrú ti ba ọ̀pọ̀ èèyàn nínú jẹ́ lójú ọ̀nà yìí. Mágínẹ́ẹ̀tì kò lè ran yín lọ́wọ́, nítorí kì í fa idẹ náà. Ọ̀gá ní òkúta dúdú kan tó dán. Wọ́n máa ń fi góòlù fà á lójú, wọ́n á kán ásíìdì náítíríìkì lé ilà náà. Idẹ á pòórá lójú ẹsẹ̀. Wúrà á dúró. Ásíìdì méjì tí a bá pò pọ̀, náítíríìkì ìdá kan, háídírókúlóríìkì ìdá mẹ́ta, máa ń jẹ wúrà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti omi: ẹ wọn góòlù lórí òṣùwọ̀n, ẹ fi okùn so ó sínú ife omi tó wà lórí òṣùwọ̀n náà, ẹ wò bí omi tó ṣí nípò ṣe wúwo tó, ẹ fi pín in. Idẹ á fún yín ní nǹkan bí 8.5, kárátì 18 á fún yín ní bíi 15.5, kárátì 22 á lé ní 17. Ẹ̀tàn kò rọrùn láti ṣe lójú omi. Bí ó bá ní òkúta lára tàbí ihò nínú, ẹ gbé e lọ bá ọ̀gá.

Mi ò lè kọ gbogbo èyí kí n má dárúkọ Zamfara. Ní 2010, ní Dareta, Yargalma àti àwọn abúlé mìíràn, àwọn èèyàn ń lọ òkúta wúrà nínú agboolé, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà. Òjé wà nínú òkúta náà. Eruku rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ ti ń rá, ó sì pa ọmọdé tó lé ní 400. Nítòsí tiwa, omi Ọ̀ṣun di ẹrẹ̀ láti ọwọ́ àwọn tó ń wa wúrà lókè odò, ó sì ń ṣàn bẹ́ẹ̀ gba inú igbó ọlọ́wọ̀ Òṣogbo tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2005. Ọ̀ṣun, tó jẹ́ idẹ ló ń fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ó ń dùn mí.

Ọjọ́ kẹrin ni mo padà lọ gba ẹ̀gbà ọmọ. Ó dára, ó dán, kò ní òdòdó. Bí ọ̀gá ṣe ń wọ̀n ọ́n lójú mi, mo béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ẹnikẹ́ni ṣì lè lọ́ irú wáyà ti ìyá àgbà yẹn. Wọn kò dáhùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, wọ́n gbé agolo bisikíìtì kan jáde, wọ́n ṣí i. Ìda àbẹ́là ló kún inú rẹ̀, bíríkítí bíríkítí, tí nǹkan ti tẹ̀ mọ́ ọn lójú: ewé, ẹja, oṣù lẹ́sẹ̀ ìràwọ̀, orúkọ èèyàn lédè Lárúbáwá. Ọjọ́ tí mo gbé yẹtí wá, nígbà tí mo jáde lọ dáhùn fóònù, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìda kí wọ́n tó gbé e síná. Òdòdó méjèèjì wà lókè pátápátá. Ọ̀gá fi ìka kan wò ó bóyá ó ti le dáadáa, wọ́n sì dé agolo náà padà, wọ́n tì í sí apá ibi tí ooru iná kò lè dé.